Iná 'O/D OFF': Ọgbọ́n Tí Ọ̀nà Àgídìngbì Ń Kọ́ Onímọ́tò

Àgídìngbì kì í sùn. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá ní ìdájí, á bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣiṣẹ́ mọ́jú níbi tí wọ́n ti ń jáde, á bá àwọn ti àárọ̀ níbi tí wọ́n ti ń wọlé, á sì bá àwọn ìyá oníbúrẹ́dì àti ẹlẹ́wà tó ti tẹ́ ọjà sẹ́nu géètì. Lójú títì Lateef Jakande ni ilé-iṣẹ́ Cadbury wà, àwọn tó ń ṣe Bournvita àti TomTom tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ibẹ̀ náà ni Rédíò Èkó wà, àti Tẹlifíṣàn Èkó tí Jakande fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1980 nígbà tó ń ṣe gómìnà. Bí ènìyàn bá sì rìn síwájú díẹ̀ sí i, ó dé Aláúsá, ibi tí ìjọba ìpínlẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí.

Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ yìí kí ilé-iṣẹ́ tó dé. Orúkọ kan náà yìí ni àwọn ará Èkó fi pe ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá bá Ọba Kòsọ́kọ́ jà ní December 1851. Bí àgbá ṣe ń dún ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Ogun Àgídìngbì. Lónìí, ariwo àgbá ti lọ, ariwo tírélà ló kù.

Ojú ọ̀nà tó kún fún tírélà, dánfó àti ọkọ̀ àwọn ọlọ́jà yìí, ilé-ẹ̀kọ́ ni fún ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ ọtọmátíìkì. Láàárín kìlómítà díẹ̀, onítọ̀hún á rí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, á rí ìdagẹ̀rẹ́, á sì rí ọ̀nà tó tẹ́ rẹrẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní bó ṣe yẹ kéèyàn lo bọ́tìnnì kékeré kan tó wà lára ọ̀pá gíà. Bọ́tìnnì náà ni wọ́n kọ O/D sí. Overdrive ni wọ́n ń pè é.

ÌYÁ, Ẹ PA Á NI!

Láyé Peugeot 504 àti Volkswagen alábahun, dẹ́rẹ́bà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí gíà. Ó mọ ìgbà tó wà ní kíní, ó mọ ìgbà tó bọ́ sí kẹrin. Tòkunbọ̀ ti dé báyìí, ọkọ̀ ń yí gíà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ò sì mọ èyí tó wà mọ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í wọ́n létí ẹni tó bá dúró ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì:

"Ọmọ mi, ọkọ̀ mi ti ń jẹ epo jù. Láàárín èmi àti Ìbàdàn, owó epo ti fẹ́ẹ̀ gbé èrè mi mì."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Iná wo ló ń tàn níwájú yín yẹn?"

"Ṣebí iná overdrive ni! Mo tàn án kí ọkọ̀ lè lágbára ni."

"Háà, Ìyá! Ẹ ò tàn án o, ẹ pa á ni!"

Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Bí iná 'O/D OFF' bá ń tàn níwájú awakọ̀, overdrive ti kú nìyẹn, kò ṣiṣẹ́. Bí iná náà ò bá tàn, a jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó dà bí ẹni pé wọ́n dojú ọ̀rọ̀ rú, ṣùgbọ́n bí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ṣe ṣe é nìyẹn.

Ẹ̀RỌ TÉLỌ̀ LÓ LÈ ṢÀLÀYÉ RẸ̀

Ẹni tó bá ti jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ mọ̀ pé táyà ńlá kan wà nísàlẹ̀, kékeré kan sì wà lókè. Bí tìsàlẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, tòkè á ti yí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹsẹ̀ ò ṣe wàhálà púpọ̀, abẹ́rẹ́ sì ń sáré.

Bí overdrive ṣe rí nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní gíà mẹ́rin, bí ọkọ̀ bá wà ní gíà kẹta, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ni ọ̀pá tó jáde lára gíà ń yí. Bó bá wọ gíà kẹrin, tí í ṣe overdrive, ẹ́ńjìnnì á yí bí ìgbà méje kí ọ̀pá náà tó yí mẹ́wàá. Ẹ́ńjìnnì ń sinmi, epo ń pẹ́, ariwo sì ń dínkù. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi sáré kó o sínú ọtọmátíìkì lẹ́yìn tí epo rọ̀bì wọ́n gógó lágbàáyé ní 1973. Ní Amẹ́ríkà, Ford gbé tirẹ̀ jáde ní 1980.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dín wàhálà ẹ́ńjìnnì kù yìí ń dín agbára rẹ̀ kù pẹ̀lú. Ẹni tó gbé ẹrù wúwo rù kì í gbé ẹsẹ̀ gbọọrọ gbọọrọ gun òkè. Ìgbésẹ̀ kúkúrú kúkúrú ló máa ń gbé.

LÁTI ÒGBÀ DÉ ÒPÓPÓ ÌBÀDÀN

Ẹ jẹ́ kí á wá tẹ̀lé ojú ọ̀nà. Awakọ̀ gbéra ní Ògbà, ó gba títì Acme bọ́ sí Àgídìngbì. Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá wà, ọkọ̀ kò ní sáré débi tí á fi dé gíà kẹrin, nítorí náà bọ́tìnnì ò ní nǹkan kan ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ń ṣí tó tún ń dí, tí ọkọ̀ ń wọ kẹrin tó tún ń padà sí kẹta léraléra, kó pa overdrive. Yíyí sókè sódò yẹn ń mú kí òróró gíà gbóná, ooru sì ni ọ̀tá tó ń pa gíà ọtọmátíìkì jù lọ.

Ó kọjá Aláúsá, ó jáde sí òpópó Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Kó tó dé Berger, afárá Ọ̀tẹ́dọlá ń bẹ níwájú. Kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ tí yóò gbàgbé 28 June 2018. Ọkọ̀ agbépo kan ṣubú níbẹ̀, iná sọ, ó kéré tán ẹ̀mí mẹ́sàn-án bọ́, ọkọ̀ tó lé ní àádọ́ta sì jóná. Ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sọ ni pé bíréèkì ló kọ iṣẹ́. Ọkọ̀ agbépo yàtọ̀ sí ọkọ̀ kékeré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: kò yẹ kí bíréèkì nìkan máa di ọkọ̀ mú lórí ìdagẹ̀rẹ́.

Bí ẹrù bá pọ̀ nínú ọkọ̀, kí awakọ̀ pa overdrive kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá a fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Bó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù náà, tàbí tó ń wọ́ ọkọ̀ mìíràn, kó pa á. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń ki gíà bọ 'N' lórí ìdagẹ̀rẹ́, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ epo jẹ. Ikú ni wọ́n ń ṣeré bá, nítorí kò sí ohun tó ń di ọkọ̀ náà mú mọ́ àfi bíréèkì.

Lẹ́yìn Berger, bí ọ̀nà bá ti tẹ́ tó sì ṣí, kó tètè tẹ bọ́tìnnì náà padà kí iná 'O/D OFF' kú. Ibi tí ìyá yẹn ti ń pàdánù nìyí. Ó ń sáré lọ sí Ìbàdàn, ó sé gíà kẹrin mọ́lẹ̀. Níbi tí ẹ́ńjìnnì ì bá ti yí ìgbà méje, mẹ́wàá ló ń yí. Láyé ìjọ́sí, ó lè má dun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lítà epo tí kò tó ₦200 kí wọ́n tó kéde ní 29 May 2023 pé owó ìrànwọ́ ti lọ, ó kọjá ₦480 ní Èkó kí oṣù náà tó parí. Ta ni yóò tún máa da epo sọ́nà?

BÍ INÁ BÁ Ń ṢẸ́JÚ

Tàn tó ń tàn yàtọ̀ sí ṣíṣẹ́jú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jàpáànù, bí iná 'O/D OFF' bá ń ṣẹ́jú pàkò-pàkò láìsí ẹni tó tẹ bọ́tìnnì, gíà ló ń ké gbàjarè. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì wo òróró gíà. Bó bá ti dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, ewu ti dé. Irú òróró tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni kí wọ́n rà, kì í ṣe èyí tó bá ṣáà wà nílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní bọ́tìnnì yìí. Àwọn Honda kan ní D4 àti D3 lójú gíà. D3 ni kí wọ́n lò níbi tí ẹlòmíràn ti máa pa overdrive. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun tó ní gíà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sì ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é fúnra wọn.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tó ń háyà ọkọ̀ kó ẹrù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ẹ wo iwájú awakọ̀ yín kí ẹ tó sanwó epo. Lórí òkè àti ìdagẹ̀rẹ́ pẹ̀lú ẹrù, iná náà lè tàn. Lọ́nà tó tẹ́ rẹrẹ, tí ọkọ̀ ti ń sáré dáadáa, ẹ ní kó pa iná náà. Ẹni tó bá létí, kó gbọ́.