Lẹ́tà Tí A Tú Wò

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó fún àdúgbò tí àwọn ará Ìlọrin ń pè ní Post Office ní orúkọ. Ẹni tí ó bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ a gbà pé àṣírí òun bò. Ṣùgbọ́n nígbà ogun 1939 sí 1945, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń tú lẹ́tà wò ní Nàìjíríà, wọn a sì fi bébà tí ó jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀: ẹni tí ó bá rí bébà náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù ni yóò máa bá a di kálámù mú.

Nínú ìtàn àròsọ George Orwell, Nineteen Eighty-Four, tí ó jáde ní 1949, gbogbo lẹ́tà ni wọ́n ń tú. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó ń kọ ọ́ mọ́. Bí ó bá di dandan, káàdì tí a ti tẹ gbólóhùn sí ni wọ́n ń lò. Wọn a fa ìlà pa èyí tí kò bá ọ̀rọ̀ wọn mu.