Àwọn Ilé Àtijọ́ Tí A Lọ Wò, àti Ògiri Pálọ̀ Bàbá Wa

Láti ìgbà tí Bàbá wa ti sùn nínú Olúwa ni ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ tí ó wà ní Òkè-Àfá ti di ohun tí àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pàdé lé lórí. Ilé alámọ̀ ni, tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára. Ní ọdún 1961 ni ó kọ́ ọ. Òrùlé rẹ̀ ń jò, ikán sì ti jẹ igi àjà rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń kọ́ ilé tà ti mú owó wá, ó ní òun yóò wó o, òun yóò sì kọ́ ilé alájà sí ibẹ̀, a ó sì gba yàrá díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn àbúrò wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fọwọ́ sí ìwé. Ìfọwọ́sí tiwa nìkan ni ó kù. Nítorí náà ni a ṣe tọrọ àyè ọjọ́ kan ní ọ́fíìsì, tí a sì mú àbúrò wa tí ó kéré jù dání, kí a lọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe pẹ̀lú ilé àtijọ́ tiwọn.

A wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣòdì, láti ibẹ̀ a sì dé ọgbà Rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta, níbi tí Ilé Jaekel wà. Ọdún 1898 ni a kọ́ ọ, nígbà tí a ṣì ń tẹ́ ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, a sì fi orúkọ Francis Jaekel, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Rélùwéè, pè é. Ilé pákó alájà ni, tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ó ti gbó púpọ̀ kí ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Legacy 1995 tó tún un ṣe, tí wọ́n sì fi àwòrán ìgbà àtijọ́ ti Rélùwéè sí ara ògiri rẹ̀. Kí a má parọ́, ó dára lójú. Pákó ilẹ̀ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ọ̀dà ara rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Àbúrò wa fi ọwọ́ pa ògiri, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ń sùn níhìn-ín?” A ní kò sí. Ó ní, “Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í sùn nínú rẹ̀ kò ṣòro í tọ́jú.” A kò rí èsì kankan fún un.

Láti ibẹ̀ a rékọjá sí Erékùṣù Èkó, sí Pópó Àgùdà. Ẹ rántí pé àwọn Àgùdà ni ọmọ ilẹ̀ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brasil àti Cuba, tí àwọn kan nínú wọn àti ọmọ wọn sì padà wálé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà bọ̀. Iṣẹ́ wọn kò sì mọ síbi ilé ara wọn nìkan. Àní Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894, João Baptista da Costa, Àgùdà, ni ó kọ́ ọ. Ní òpópónà Kakawa a dúró níwájú ilé tí ará Èkó ń pè ní Water House. Ti João Esan da Rocha ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kó lẹ́rú ní kékeré tí ó sì padà wá di ọlọ́rọ̀. Omi kànga ilé náà ni ìdílé wọn ń tà fún ará ìlú, láti inú èyí ni ilé ti gba orúkọ. Àwa tí ń ra omi ní Òkè-Àfá títí di òní rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ṣùgbọ́n Tinúbú ni ẹsẹ̀ wa wúwo sí. Níbẹ̀ ni Ilé Ìlọ́jọ̀ọ́ wà rí. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ọ ní ọdún 1855. Ní 1933 ó di ti ìdílé Ọláìyá. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o lulẹ̀. Inú bí wa, a sì sọ̀rọ̀ líle níbi tí a dúró sí. Àbúrò wa jẹ́ kí a sọ ọ́ tán, ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ ohun tí ojú àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ń rí nígbà òjò.” Òtítọ́ ni. Ìkéde ọdún 1956 kò ra pákó kan ṣoṣo fún òrùlé, ilẹ̀ tí ó wà ní Tinúbú sì lówó lórí. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹbí, gbogbo wa ni a ni ín nígbà tí a bá fẹ́ pín owó, kò sì ní olówó nígbà tí ó bá ń jò.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a padà dé Òkè-Àfá. Ọkọ̀ gba ẹ̀bá odò ẹ̀gbin tí ẹ̀yin náà mọ̀ ní orúkọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ohun ìjà àwọn ọmọ ogun bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà, àwọn ènìyàn sì sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Koríko ojú omi bo odò náà mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n sì rò pé ilẹ̀ ni. Ju 1,000 ènìyàn lọ ni ó bá ọ̀ràn ọjọ́ náà kú, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Bàbá wa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gbogbo ẹni tí ó bá wọlé, tí omi ń ro lára rẹ̀, ni ó bèèrè orúkọ rẹ̀, ó sì fi èédú kọ ọ́ sára ògiri pálọ̀, kí ẹni tí ó bá wá ẹbí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà lè kà á láìpẹ́. Orúkọ 17 ni. Láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ògiri yẹn mọ́.

A gbé àtùpà, àwa méjèèjì sì kà wọ́n. Méjì ti ń parẹ́ níbi tí òjò ti ṣàn wọlé. Àbúrò wa, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní alẹ́ náà, fi ìka tọ́ orúkọ ọmọdékùnrin kan, ó ní, “Orí ẹní mi ni ó sùn.” Lẹ́yìn náà ó ní a lè ya fọ́tò wọn kí a tó wó o. A kò dá a lóhùn. A ti rí ilé tí a wó, a sì ti rí ilé tí a kùn dáadáa, ẹ̀rù èkejì sì bẹ̀rẹ̀ sí bà wá bíi ti èkíní.

Ní ọjọ́ Sátidé, àbúrò wa tìkara rẹ̀ ni ó mú káfíńtà wá láti díwọ̀n òrùlé. Ọkùnrin náà yẹ igi àjà wò, ó rí ipa ikán tí ó ṣàn wá sórí ògiri pálọ̀, ó sì bu omi sí àkísà láti nù ún kí ó lè mọ ibi tí ó dé. Àwa méjèèjì pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Owó tí ó pè ju èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa lọ fíìfíì. A ti kọ lẹ́tà sí àwọn àbúrò wa méjì yòókù, àbúrò wa yìí sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú wa. A ń retí èsì wọn.