Ọmọ, Ajá àti Ọ̀nà Ìkòyí-Ilé

Bí ọlidé bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè tó máa ń wà lẹ́nu òbí ní Èkó àti Ìbàdàn ni ibi tí wọn yóò kó ọmọ lọ. Owó ni ọ̀pọ̀ fi ń dáhùn. Ẹni tó bá lówó gan-an a wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí kò ní tó bẹ́ẹ̀ a kó wọn lọ sí ọgbà ìṣeré tí wọ́n ti ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì tún ń gba òmíràn nídìí eré kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: ṣé ajá ilé lè bá wa lọ? N kò sọ pé ajá ṣe pàtàkì ju ọmọ lọ. Ohun tí mo ń wí ni pé ibi tí kò bá gba ajá sábà máa ń jẹ́ ibi tí a ti ń di ọmọ lọ́wọ́ mú láti àárọ̀ títí di alẹ́. Níbi tí ajá bá ti lè rìn, ilẹ̀ wà níbẹ̀, ibòji igi wà, ọmọdé sì lè tọ ojú ọ̀nà lọ láìjẹ́ pé ọkọ̀ ń lé e. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí ìdílé tó ní ọmọ àti ajá gbé ìlú bí Ìkòyí-Ilé, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire ní ìhà àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, yẹ̀ wò kí wọ́n tó ronú kan etíkun.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà tiwọn. Wọ́n a so ilé kékeré onítáyà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n a kó ọmọ àti ajá, ó di ìgbèríko. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó wọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ gba títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí tírélà ti gba ẹ̀mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá kiri yẹn, àwa ti ní i tipẹ́. Yorùbá kì í gbé ojú kan: ilé wà nílùú, abà wà lóko. Ẹni tí oko rẹ̀ wà létílé a máa lọ a máa bọ̀ lójúmọ́. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní ẹgàn a sùn ní ahéré fún ọjọ́ pípẹ́, a wá padà wálé fún ọdún, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Ọmọdé a bá wọn lọ, ajá a sì ṣáájú. Lónìí, nítorí pé àwọn ọmọ ti wọ ìgboro lọ, yàrá tó ṣófo pọ̀ nínú agbo ilé wa. Nínú yàrá wọ̀nyẹn ni kí ìdílé sùn, nítorí ẹni tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì tó kàn wá kí àwọn ẹbí lọ́sàn-án, àlejò ló ṣì jẹ́.

Ọmọ Èkó tó bá gbọ́ Ìkòyí, àdúgbò olówó ló ń sọ sí i lọ́kàn. Kò mọ̀ pé Oníkòyí wà lára àwọn ọba tó lókìkí jù lábẹ́ Aláàfin láyé Ọ̀yọ́-Ilé, pé òkìkí àwọn Ẹ̀ṣọ́ jagunjagun so mọ́ ìlú yìí, tàbí pé ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó tú Ọ̀yọ́-Ilé ká kò dá Ìkòyí àtijọ́ sí. Ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, lórí ilẹ̀ náà gan-an. Ìgbà tí wọ́n bá lọ ló máa sọ ohun tí wọn yóò bá. Lásìkò Àjíǹde, máńgòrò àti kajú ló gba gbogbo agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, igi irú náà sì ń so. Ọlidé gígùn bọ́ sí ìgbà àgbàdo àti iṣu titun, àmọ́ òjò á pọ̀, koríko á ga, ejò á sì rí ibi sá pamọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ tèmi, Kérésìmesì ni mo yàn: ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ, ẹ̀fọn kò pọ̀ tó ti ìgbà òjò.

Ẹ̀rí wà pé ìta gbangba ń ṣe ọmọ lóore. Ní Guangzhou, nílẹ̀ Ṣáínà, wọ́n fi 40 ìṣẹ́jú eré ìta kún ọjọ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kìíní kan, wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015: lẹ́yìn ọdún 3, nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn tó ń jáde ni kò rí òkèèrè dáadáa mọ́, ti àwọn yòókù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tó jáde ní 2016 fi àwọn ọmọ Amish wé àwọn ọmọ Hutterite. Àgbẹ̀ ni ìran méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹran ọ̀sìn kò jìnnà sí ilé àwọn Amish, nígbà tí àwọn Hutterite ń fi ẹ̀rọ ńláńlá dáko lókèèrè. Ikọ́ fée mú nǹkan bí 5 nínú 100 àwọn ọmọ Amish, ó mú nǹkan bí 21 nínú 100 àwọn kejì. N kò ní fi èyí tan ẹnikẹ́ni pé ọ̀sẹ̀ méjì ní Ìkòyí-Ilé yóò wo ojú tàbí ikọ́ sàn. Ibi tí àwọn ọmọ yẹn ń gbé ni, wọn kò kàn yà síbẹ̀. Ohun tí ìsinmi lè ṣe ni kó dá àṣà sílẹ̀. Ibi yìí gan-an ni ajá ti wúlò: láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú un jáde. Ọmọ tó bá ti fi ojoojúmọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lóko yóò fẹ́ máa ṣe é nígbà tó bá padà sílé.

Àtakò tó wúwo jù lórí ajá ni dìgbòlugi, n kò sì ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún, pé ajá ló ń kó o ràn wọ́n ní ìgbà 99 nínú 100, àti pé nǹkan bí 40 nínú 100 àwọn tó ń kú kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Síbẹ̀, láti 1885 tí Louis Pasteur ti gba Joseph Meister, ọmọ ọdún 9, là, ni aráyé ti mọ̀ pé abẹ́rẹ́ lè dá a dúró. Ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ léwu ní Èkó bó ṣe léwu ní Ìkòyí-Ilé. Ìrìn-àjò kọ́ ló fa ewu náà. Èyí tó kù ni àwọn ajá tó ń rìn kiri abúlé. Kí a kọ́ ọmọ pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ajá tí kò mọ̀, tàbí èyí tó ń jẹun, tàbí èyí tó ń fún ọmọ lọ́mú. Bí ajá bá bù ú jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí a fi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ata tàbí epo sí i. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì, ti LAUTECH àti ti Bowen tó hù láti inú ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi. Kí a tó kúrò nílé ni kí a ti béèrè bóyá abẹ́rẹ́ náà wà.

Àwọn kan á ní ajá ìgboro yóò da abúlé rú. Òtítọ́ wà nínú èyí. Ewúrẹ́ àti adìẹ ń rìn fàlàlà níbẹ̀, tàkúté ọdẹ sì wà nínú igbó, nítorí náà okùn kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́rùn ajá. Nínú agbo ilé tí àwọn Mùsùlùmí wà, kí a béèrè lọ́wọ́ àgbà ibi tí ajá lè sùn kí itọ́ rẹ̀ má baà kan aṣọ ìrun wọn. Ibì kan sì wà tí ajá kò gbọ́dọ̀ dé rárá: ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fi Ọ̀yọ́-Ilé sọrí, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, tí ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ sì wà nílùú Ọ̀yọ́. Òfin náà tọ̀nà. Ní 1994, àrùn ajá mìíràn pa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn kìnnìún Serengeti ní Tanzania, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn ajá ìletò ló ti ràn dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ti ibà kò yẹ kó dá wa dúró pẹ́, nítorí ẹ̀fọn Èkó náà ń jẹni: àwọ̀n olóògùn lórí bẹ́ẹ̀dì ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ti ààbò, n kò lè gbójú fò ó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2026, àwọn agbébọn pa àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹranko yìí ní Olókà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire kan náà. Bí a tilẹ̀ ti ní ikọ̀ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn láti 2020, òbí tó bá bẹ̀rù kì í ṣe ojo. Nítorí náà, àárín ìlú ni kí a sùn, láàárín ẹbí, kí a má pàgọ́ sínú igbó. Ojúmọmọ ni kí a rìn. Kí a má sì wọ ọgbà ẹranko láìjẹ́ pé ọ́fíìsì Ọ̀yọ́ sọ pé apá ibẹ̀ ṣí. Bí àwọn àgbà ilé bá ní kí a má wá lọ́dún yìí, kí a dúró. Àwọn ló ń gbé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ló sì gbọ́dọ̀ borí èmi tó ń kọ èyí.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí ajá kọ́kọ́ gbà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá ń gbèrò Kérésìmesì, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni kó ti mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kó sì pe àwọn ará ilé ní Ìkòyí-Ilé lọ́jọ́ kan náà.