Ta Ni Ẹ̀gbọ́n?

Àwọn baba wa a máa wí pé, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí. Nígbà tí mo sì di olùkọ́, mo kọ ọ́ sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láìmọye ìgbà. Síbẹ̀, n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dájú títí di ìgbà tí èmi fúnra mi di baba ọmọ, tí àwọn ọmọ mi sì kọ́ mi.

Ìbejì ni ìyàwó mi fi ṣe àkọ́bí, ọkùnrin sì ni àwọn méjèèjì. Èyí tí ó kọ́kọ́ wá sí ayé ni Táíwò, èyí tí ó tẹ̀lé e ni Kẹ́hìndé, nítorí pé láti ọ̀run ni ìbejì ti ń mú orúkọ wọn wá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn wọn ni a bí Ìdòwú. Ta ni kò mọ̀ pé olórí kunkun ni Ìdòwú? Tiwa kò sì dójú ti orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1998, nígbà tí àwọn ìbejì pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá mi wá kí wa ní Ìbàdàn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó pe àwọn ọmọ jókòó tì í, ó sì la ọ̀ràn ìbejì yé wọn. Ó ní òtítọ́ ni pé Táíwò kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé gan-an ni ẹ̀gbọ́n. Ó ní Kẹ́hìndé ni ó rán Táíwò níṣẹ́ pé kí ó lọ tọ́ ayé wò, bóyá ó dùn tàbí kò dùn. Igbe tí Táíwò ké nígbà tí ó dé ni Kẹ́hìndé gbọ́, tí òun náà fi tẹ̀lé e.

Họ́wù! Láti ọjọ́ náà ni ilé kò ti rójú mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kẹ́hìndé dìde, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn bí baálẹ̀, ó ní kí Táíwò dọ̀bálẹ̀ kí òun. Táíwò wò ó títí, ó ní, “Ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ ni o rán mi níṣẹ́?” Kẹ́hìndé ní bẹ́ẹ̀ ni. Táíwò na ọwọ́ sí i, ó ní, “Owó iṣẹ́ mi dà?” Kẹ́hìndé ronú díẹ̀, ó ní, “Níbi tí a wà nígbà náà, wọn kì í ná owó.”

A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kì í ṣe ẹ̀rín mọ́ nígbà tí ó dé ìdí oúnjẹ. Nínú àwo kan náà ni àwọn ọmọ wa ti ń jẹun, ẹ̀gbọ́n ni ó sì máa ń kọ́kọ́ mú ẹran. Táíwò ní òun ni ẹ̀gbọ́n; Kẹ́hìndé ní òun ni. Wọn a máa jiyàn títí oúnjẹ yóò fi tutù. Nígbà tí ó sú mi, mo dá ẹjọ́ náà: bí Táíwò bá kọ́kọ́ mú ẹran lónìí, Kẹ́hìndé ni yóò kọ́kọ́ mú un lọ́la. Ara tu gbogbo wa. Láti ìgbà náà, àkùkọ kì í tíì kọ tán tí n ó fi gbọ́ ohùn láti inú yàrá wọn pé, “Ọjọ́ mi ni òní!”

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí tí ibà kọlu Kẹ́hìndé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ara rẹ̀ gbóná bí iná, ó sì ń gbọ̀n bí ewé. A sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì ní kí a fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn. Ìyá rẹ̀ dúró tì í. Èmi padà sílé sọ́dọ̀ ìyá mi àti àwọn ọmọ yòókù. Táíwò kò tíì sùn. Ohun kan ṣoṣo ni ó bi mí: “Bàbá, ní ilé ìwòsàn, ṣé wọ́n mọ̀ pé ọ̀la ni ọjọ́ Kẹ́hìndé?” Ọkàn mi kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní kí ó lọ sùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá mi ké sí mi: “Bàbá Ìbejì, ẹran tí ó tóbi jù nínú ìkòkò ti fò lọ o!” Mo pe Táíwò.

“Ta ni ó mú ẹran?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Èé ṣe?”

Ó wo ilẹ̀, kò fèsì. Inú bí mi. Ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé, nítorí pé èkejì rẹ̀ kò sí nílé ni ó ṣe rí àyè jẹ ẹran rẹ̀. Mo mú pàṣán, mo nà án ní ẹgba mẹ́ta. Kò sunkún. Ó yípadà, ó sì lọ sùn.

Nígbà tí ó di òru, mo wọ yàrá wọn láti wò wọ́n. Mo rí èèrà tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ìrọ̀rí Kẹ́hìndé. Mo gbé ìrọ̀rí náà sókè, mo sì bá ẹran náà lábẹ́ rẹ̀, a fi ìwé wé e dáradára. Táíwò lajú. Ó ní, “Ti Kẹ́hìndé ni. Ọjọ́ rẹ̀ ni òní.” Mo bi í pé kí ni kò jẹ́ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó dáhùn pé, “Mo ń ronú bí n ó ti sọ ọ́ ni pàṣán fi dé.”

Mo jókòó sí etí ibùsùn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan kí n tó dájọ́. Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n sọ, ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́nu mi. Ènìyàn rere ni baba tí ó bí mi, síbẹ̀ n kò gbọ́ kí ó sọ fún ọmọ rí pé òun ṣe àṣìṣe. Ní ayé tiwọn, wọ́n gbà pé bí àgbà bá bẹ ọmọdé, ọ̀wọ̀ rẹ̀ yóò dínkù. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé, bí mo bá dákẹ́, kí ni ọmọ yìí yóò kọ́? Yóò kọ́ pé ẹni tí pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó máa ń jàre.

Mo wí pé, “Táíwò, mo ṣì ọ́ nà. Má bínú.”

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ó ti tán, Bàbá. Ṣùgbọ́n èèrà ti jẹ ẹran náà. Ẹ óò san án fún Kẹ́hìndé.”

Mo gbà láti san án.

Ní ọjọ́ kẹrin, Kẹ́hìndé padà wá sílé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ sì ti yá. Ìyá wọn se ẹ̀wà, oúnjẹ tí a fi ń kẹ́ ìbejì. Èmi sì ra ẹran tí mo jẹ ní gbèsè. Bí a ti gbé àwo kalẹ̀, Táíwò ti ẹran tí ó tóbi jù sí ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé, ó ní, “Ìwọ mú un. Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n.”

Kẹ́hìndé tì í padà, ó ní, “Rárá, ìwọ ni. Ìwọ ni o kọ́kọ́ dé ayé.”

“Ìwọ ni o rán mi.”

“Ṣùgbọ́n n kò tíì san owó iṣẹ́ rẹ.”

Níbi tí wọ́n ti ń ti ẹran síwá sẹ́yìn, Ìdòwú na ọwọ́, ó mú un, ó sì jù ú sẹ́nu. Àwọn ìbejì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ilé wa láti ọjọ́ tí ibà ti dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìtàn yìí, ẹ̀yin náà yóò di òbí ní ọjọ́ kan. Bí ẹ bá bi ọmọdé ní ìbéèrè, ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣì í, ẹ jẹ́wọ́. Ọ̀wọ̀ mi kò dínkù láti òru ọjọ́ náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ mi kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi mọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé n óò gbọ́ ọ tán.

Àwọn ìbejì náà ti di géńdé nísinsìnyí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé ta ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn, ńṣe ni àwọn méjèèjì a nawọ́ sí Ìdòwú.