Ìrìn Kẹ̀kẹ́ Mi sí Ọ̀yọ́: Ẹ Ti Kẹ̀kẹ́ Yín, kí Ẹ Má Baà Sọ Aláìṣẹ̀ Di Olè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ojú olójú kò jọ ojú ẹni." Mo ti fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé mi láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ni òwe náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ èmi alára lẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà ni mo ṣe mú kálàmù láti kọ̀wé yìí sí ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ kiri ọjà oko, àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi.

Ìgbà ìsinmi ilé-ìwé ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní Ọ̀yọ́ ń kó ọmọ jáde. Owó ọkọ̀ ti gbéra, mo sì ní kẹ̀kẹ́ ológeere kan, dúdú, onírin wúwo, tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 50 kìlómítà. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, mo ta epo sí ṣéènì, mo di ẹ̀bùn ọmọ mọ́ kẹ́ríà ẹ̀yìn, mo sì gbéra ní ìdájí.

ỌSÀN FÌDÍTÌ

Ẹni tí ó bá fi mọ́tò rin ọ̀nà Ọ̀yọ́ kò tíì rí i. Láti Òjòó títí dé Mọ́níyà, ariwo ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ẹ̀bá títì ni mo ń gbà jẹ́jẹ́, nítorí ọkọ̀ ńlá kì í ka ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ sí. Lẹ́yìn Mọ́níyà, ara tù mí díẹ̀. Mo kọjá Akínyẹlé, ìrì ṣì wà lórí koríko, oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wà lọ́tùn-ún àti lósì. Nígbà tí mo dé Fìdítì, oòrùn ti yọ dáadáa. Ìlú ọlọ́sàn ni Fìdítì. Àwọn ìyá to ọsàn jọ bí òkìtì sí ẹ̀bá títì. Mo ra márùn-ún, mo sì mu ún lórí ìdúró, ọwọ́ mi kan kò kúrò lára kẹ̀kẹ́. Ìyá ọlọ́sàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọkọ mi, ṣé kẹ̀kẹ́ rẹ máa ń sá lọ fúnra rẹ̀ ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ǹ bá mọ̀, ǹ bá má jáwọ́ lára rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

OHUN TÍ ẸNU MI DÁ SÍLẸ̀

Kí n tó dé Ọ̀yọ́, ebi dé. Mo yà sí abúlé kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi. Ọjọ́ ọjà wọn ni. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti igi ọdán kan, mo fi ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ àti àgádágodo ti táyà iwájú nìkan. Mo rí ọmọkùnrin kan tí ó tó ọmọ ọdún 13, tí ó ru omi inú ọ̀rá kiri. Mo ní, "Ọmọ, bá mi wo kẹ̀kẹ́ yìí." N kò bi í ní orúkọ, n kò sì dúró kí ó dá mi lóhùn. Mo wọ búkà, mo kẹ́yìn sí òde, mo jẹ àmàlà, èmi àti ọkùnrin kan sì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù tíṣà. Bí ìṣẹ́jú 40 kọjá.

Nígbà tí mo jáde, igi ọdán wà, kẹ̀kẹ́ kò sí. Ọmọ náà kò sí pẹ̀lú. Àyà mi já. Mo kígbe pé, "Wọ́n ti jí kẹ̀kẹ́ mi o!" Ọ̀rọ̀ tí mo fi kún un ni ó ń dùn mí títí di òní. Mo ní, "Ọmọ tí ń ta omi nì ni!"

Ẹ mọ bí ọjà ti rí. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi wọ́ ọmọ náà dé. Omi tí ó ń tà ti fọ́n ká sílẹ̀. Ẹnìkan gbá a létí, òmíràn ya ẹ̀wù rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń béèrè táyà ògbólógbòó. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ògbólógbòó ṣe fún ẹni tí wọ́n bá pè ní olè ní ìgboro. Ọmọ náà ń wo ojú mi, ó ń sunkún, ó ní, "Bàbá, n kò mọ̀ pé èmi lẹ ń bá wí."

Ìgbà náà ni ojú mi là. Mo ní kí wọ́n dúró, wọn kò gbọ́. Mo dì mọ́ ọmọ náà, ẹ̀ṣẹ́ wọn sì ń bà mí lẹ́yìn. Àfi bí ìyá arúgbó ẹlẹ́kọ kan ti jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ wo lẹ ń pariwo lé lórí? Ṣé dúdú tó wà lọ́dọ̀ mi yìí ni? Ọkọ̀ akẹ́rù ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́, mo ní kí ọmọ mi gbé e wọlé." Gbígbé ni wọ́n gbé e lóòótọ́. Àgádágodo mi ṣì wà lára táyà iwájú, kò di ohunkóhun mú.

Ọjà dákẹ́. Àwọn tí ń lu ọmọ yọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀lé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, mo sọ pé tíṣà ni mí, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì san owó omi àti ti ẹ̀wù. Ìyá náà kò bú mi. Ó kàn ní, "Tíṣà, bí wọ́n bá ti pa á ńkọ́?" N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ MO GBÀ NÍ AKẸ̀SÁN

N kò gbádùn ìyókù ọ̀nà náà. Mo kọjá Ìlorà, mo wọ Ọ̀yọ́ ní ọ̀sán gangan. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìkómọ, mo lọ sí Ọjà Akẹ̀sán nítòsí ààfin. Iná jó ọjà yìí ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n sì ti tún un kọ́. Nítòsí ibẹ̀ ni mo ti bá bàbá kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo ròyìn fún un. Ó wo àgádágodo mi, ó ní, "Tíṣà, táyà lẹ tì, ẹ kò ti kẹ̀kẹ́."

Ó ní kí n ra ẹ̀wọ̀n tí ó nípọn, kí n fi gba inú irin ara kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí n sì so ó mọ́ òpó tí kò ṣeé fà tu, tí a kò sì lè gbé kẹ̀kẹ́ yọ lókè rẹ̀. Kí ẹ̀wọ̀n má ṣe dẹ̀, kí ó má sì kan ilẹ̀, nítorí bí ó bá kan ilẹ̀, olè yóò fi òkúta lù ú. Ó dojú kẹ̀kẹ́ mi bolẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ hàn mí. Láti ìgbà tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ yìí, n kò rí i rí! Ẹ kọ nọ́ńbà tiyín sínú ìwé, ẹ ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ náà, ẹ sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Òun ni ẹ̀rí yín níwájú ọlọ́pàá. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sì ka fífún kẹ̀kẹ́ ní láísẹ́ǹsì mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí tiyín bá ń fún ni, ẹ gbà á.

Èyí tí mo fi kún un nìyí. Bí ẹ bá yà jẹun, ẹ jókòó síbi tí ojú yín ti lè tó kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi í sí ìkáwọ́ ènìyàn, ẹni tí ó ní ìsọ̀ níbẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀, kì í ṣe ọmọ tí ń kiri ọjà. Ẹ bi í ní orúkọ, ẹ sọ tiyín fún un, ẹ dúró gbọ́ èsì rẹ̀, ẹ sì fún un ní nǹkan nígbà tí ẹ bá ń lọ. Bí ẹ kò bá sì rí kẹ̀kẹ́ mọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ìsọ̀ tí ó yí ibẹ̀ ká, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má ṣe kígbe olè, ẹ má sì dárúkọ ẹni tí ojú yín kò rí.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo tún yà sí abúlé náà. Mo fi ẹ̀wọ̀n tuntun so kẹ̀kẹ́ mọ́ òpó iwájú ìsọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ, mo sì kí ìyá náà. Ọmọ olómi wà lókèèrè, ó ń wò mí. Mo lọ bá a, mo bi í ní orúkọ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún mi. Mo ra omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n bá yín wò ó?" Mo ní rárá, ọmọ mi, mo ti tì í.

Ẹ̀yin ará, bí kẹ̀kẹ́ bá sọnù, ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ yóò tún ra òmíràn. Ọmọ ọlọ́mọ kò sí lọ́jà.