Ìkòkò Tí Ó Ń Jò: Àlá Obìnrin Ọlọ́ṣun Kan ní Sharjah

Aṣọ́bodè lè tú gbogbo ẹrù arìnrìn-àjò wò, kò lè tú àlá rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ ìṣẹ̀ṣe tó ń lọ sí Dubai mọ èyí kí wọ́n tó wọ bàálù. Òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ náà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2021, ka idán àti oògùn ṣíṣe sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn nínú, kò sì sí aṣọ́bodè tó máa jókòó gbọ́ àlàyé pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ yàtọ̀ sí oògùn ìkà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wọn a fi ikin sílẹ̀ lọ́dọ̀ ará ilé, wọn a gbé orí wọn nìkan dání. Ibi tí orí ti ń rí àyè bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún kò ju ojú oorun lọ.

Obìnrin kan wà lára wọn, ọmọ Òṣogbo, tí wọ́n ti ń bọ Ọ̀ṣun nílé wọn láti ayé ìyá ìyá rẹ̀. Ó dé Dubai ní ìdajì ọdún 2022 pẹ̀lú físà àbẹ̀wò. Ajẹ́ntì tó mú un lọ bu ₦1,200,000 lé e, ó sì ṣèlérí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ìdajì owó náà ló san kó tó gbéra, ìyókù di gbèsè. Kò bá iṣẹ́ kankan nílẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún náà fi máa dé, tí ìjọba ibẹ̀ dẹ́kun fífún ọmọ Nàìjíríà ní físà, àkókò físà tirẹ̀ ti kọjá. Ó wá ń fọ ilé onílé ní Dubai, wọ́n ń san owó lé e lọ́wọ́ lójúmọ́, ó sì ń sùn sí Sharjah nítòsí Rolla, nínú yàrá kan tí obìnrin mẹ́fà pín, lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tò léra wọn. Dirham 50 ni owó ìtanràn ọjọ́ kan fún ẹni tó bá dúró kọjá àkókò. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan: dirham 18,250.

Bí àlá náà ṣe rí nìyí. Ó ru ìkòkò omi, ó ń sọdá títì Al Ittihad tó so Sharjah mọ́ Dubai. Ọkọ̀ ń sáré. Ìkòkò náà ń jò, omi ń ṣàn sí i lójú. Bó bá ti rí ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀, a yára fi ìborùn bo ìkòkò náà. Bó bá sọdá tán, a gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó lá a tó ìgbà mẹ́rin láàárín oṣù méjì.

Ó rọ́ ọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Ọ̀kan, ọmọ ìjọ láti Benin, ní ọ̀tá ilé ni, kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi. Èkejì, mùsùlùmí ará Ìlọrin, ní kó fẹ́ ẹnu sí òsì lẹ́ẹ̀mẹta, kó yí ìhà tó fi sùn padà, kó má sì rọ́ ọ fún ẹlòmíì mọ́. Ire rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń wá. Àmọ́ ọ̀kan ní kó wá ẹni tó fà á, èkejì ní kó pa á mọ́ra. Kò sí èyí tó bi í pé kí ni òun alára ń ṣe nínú àlá náà.

Babaláwo ilé wọn ló bi í. Ìpè WhatsApp kì í lọ lọ́hùn-ún, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ó kí i: “Bàbá, àbọrú bọyè o.” Bàbá jẹ́ ẹ, ó gbọ́ àlá náà, kò sì tíì gbé ọpọ́n kalẹ̀ tó fi béèrè pé: “Ọmọ mi, omi kì í ṣe ohun ìtìjú. Kí lo ń fi ìborùn bò ó sí? Ta lò ń fi í pamọ́ fún?”

Ọjọ́ méjì kọjá kó tó fèsì. Ìyá rẹ̀ ni. Ìyá rò pé òtẹ́ẹ̀lì ni ọmọ òun ń bá ṣiṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló ń ya fọ́tò níwájú Burj Khalifa ránṣẹ́ sílé. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ó yá dirham 300 kó lè fi owó ọdún ránṣẹ́. Ara rẹ̀ kì í yá, kì í sọ. Bí ìṣòro bá dé, bíbò ló máa ń bò ó. Bó ṣe ń ṣe lójú ayé gẹ́lẹ́ ló ń ṣe lójú àlá, ẹrù lásán ló pààrọ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwa onísẹ̀ṣe nìkan. Rosalind Cartwright, onímọ̀ nípa oorun ní Chicago, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí àlá àwọn tí ìgbéyàwó wọn tú ká. Ó rí i pé àwọn tó ń lá àlá ẹni tí wọ́n pín yà náà, tí ọ̀rọ̀ náà sì ń ká wọn lára lójú oorun, sábà máa ń bọ́ nínú ìbànújẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Àgbà awo kò ní bá a jiyàn, àyàfi kó sọ pé àlá nìkan kò tó ẹ̀rí, ẹ jẹ́ ká bi Ifá.

Wọ́n bi í. Ifá ní kí wọ́n gbé ẹbọ lọ sódò, kí òun alára sì tú ọ̀rọ̀ náà sọ fún ìyá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gbé oyin, yánrin àti ẹyẹlé lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹbọ yẹn rọrùn. Èyí tó jẹ́ ti ẹnu ni kò rí ṣe.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin 2024, òjò tí ilẹ̀ náà kò tíì rí irú rẹ̀ láti bí ọdún márùndínlọ́gọ́rin tí wọ́n ti ń kọ ìwọ̀n òjò sílẹ̀ rọ̀. Omi dúró sí Al Majaz àti Al Qasimia ní Sharjah fún ọjọ́ mélòó kan. Kò ṣeé ṣe láti lọ síbi iṣẹ́. Obìnrin tó ń jí ní aago mẹ́rin lójoojúmọ́ wá ń sùn di aago mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ apá ìparí oorun ni àlá pọ̀ sí jù. Ẹni tó ń jí ní kùtù ń gé àlá rẹ̀ lórí. Ìkòkò náà padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, títì ti di odò, gbogbo èèyàn ló gbé ẹrù lérí ní gbangba, tí ẹnì kan kò wo ẹnì kejì. Òun nìkan ló ń wá ìborùn. Ẹ̀rín ló jí i.

Ó ra káàdì, ó pe ìyá rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ títí, ó ní òun ti mọ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí ajẹ́ntì ti ń wá jókòó sílé wọn; ìyá ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti fi san díẹ̀ nínú gbèsè náà, kò sì fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ kó má bàa ro àròkàn. Ọmọ bi í bóyá òun náà ń lá irú àlá bẹ́ẹ̀.

“Àlá wo? Oorun wo ni mo rí sùn?”

Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, ìjọba bẹ̀rẹ̀ àforíjì fún àwọn tí físà wọn ti kọjá: wọ́n á fagi lé owó ìtanràn, ẹni tó bá fẹ́ lè padà sílé láìsí ìdènà, ẹni tó bá rí agbanisíṣẹ́ lè tún ìwé rẹ̀ ṣe. Nínú yàrá wọn, wọ́n ní tàkúté ni. Obìnrin yìí ìbá gbà bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Àmọ́ ó lọ bá ìyá kan tó ń bá fọ ilé, ó sọ òtítọ́ bí físà rẹ̀ ṣe rí, ìyá náà sì gbà láti fọwọ́ sí i. Wọ́n jọ lọ sí àgọ́ tí ìjọba pa sí Al Awir. Ẹni ọ̀kan nínú yàrá náà kò lọ títí wọ́n fi sún gbèdéke láti òpin oṣù Kẹwàá sí òpin oṣù Kejìlá. Ó ṣì ń sọ pé tàkúté ni.

Gbèsè ajẹ́ntì kò tíì tán, òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń san án lóṣooṣù. Ìkòkò náà kò sì tíì kúrò lójú àlá. Ní oṣù Kejìlá, ó tún lá a: kò sí ìborùn lórí rẹ̀ mọ́, ó ń jò bíi ti tẹ́lẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan sì ń fọn fèrè sí i pé kó kúrò lójú ọ̀nà. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí Bàbá, ó rọ́ ọ fún wọn. Ohun tó padà wá kò ju ẹ̀rín Bàbá lọ, pẹ̀lú ìró ìrọ́kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.