Ẹni Tó Gun Kẹ̀kẹ́ Wọ Darkuman

Láàárín aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, èèyàn kì í gbọ́ ohùn ẹnìkejì ní Darkuman Junction. Àwọn ọkọ̀ trotro tó ti Kaneshie bọ̀ tò sẹ́yìn ara wọn, gbogbo wọn kọjú sí Odorkor, Mallam àti Kasoa, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ Accra ń lọ sùn. Àwọn méètì yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n ń ké "Kasoa, Kasoa, Kasoa!" títí ó fi di orin. Àwọn ọlọ́kadà ń fi ara wọn gba àlàfo tí ẹlẹ́sẹ̀ kò lè gbà. Oníkẹ́ńkè ṣí ìkòkò, ooru bò ó lójú. Ẹni tó ń din kelewele ti po ata àti atalẹ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, òórùn rẹ̀ dá títì kọjá sí òdìkejì.

Nínú ariwo yìí ni mo ti gbọ́ ìró kan tí kò bá wọn mu: tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́, wẹ́wẹ́, láìsinmi. Ìró tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ máa ń pa ni, nígbà tí ẹni tó gùn ún bá dá ẹsẹ̀ dúró tí kẹ̀kẹ́ sì ń yí lọ fúnra rẹ̀. Mo wò yíká kí n tó rí i. Ibi tí gbogbo ọkọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ló kọjú sí. Accra ń jáde, òun ń wọlé.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ni. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúdú, tòkunbọ̀ ni; ó fi okùn rọ́bà de àpò méjì mọ́ ẹ̀yìn, ike omi wà lára irin. Eruku mu ún dé orúnkún, iyọ̀ òógùn sì ti gbẹ sí ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀. Etí gọ́tà gan-an ló ń gbà, nítorí títì yìí kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún irú rẹ̀. Trotro kan fọn fèrè mọ́ ọn. Kò wo ẹ̀yìn. Ó wa ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìró náà dákẹ́. Ó dá ẹsẹ̀ dúró, tẹ́-tẹ́-tẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Ní Accra, bí àgbàlagbà bá gun kẹ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé owó trotro ni kò ní. Èrò yìí kò dára, ó sì máa ń dùn mí. Ní Tamale, lókè ọ̀hún, kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Obìnrin á wọṣọ dáadáa, á gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà, kò ní jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ghana kan náà yìí sì ni Emmanuel Ofosu Yeboah ti gun tirẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló dá ṣáṣá nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ọmọdé ni nígbà tó wá sí Accra, tó ń dán bàtà fún àwọn tó ń kọjá kí owó lè wọlé fún ẹbí rẹ̀. Ní 2001, ó fi ẹsẹ̀ kan yẹn wa kẹ̀kẹ́ la Ghana kọjá, nǹkan bí 600 kìlómítà, kí gbogbo ìlú tó bá gbà lè rí i pé abirùn kì í ṣe alágbe. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Ghana ṣe òfin ẹ̀tọ́ àwọn abirùn. Ká ní mọ́tò ló gbé e kọjá, ta ni ì bá rí i?

Àwa Yorùbá náà ní tiwa. Ọlábísí Àjàlá, tí gbogbo wa mọ̀ sí Àjàlá Tírafẹ́là, Ghana níbí ni wọ́n bí i sí. Ní 1952, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ó ju 2,000 máìlì lọ, pẹ̀lú aṣọ ilẹ̀ wa lọ́rùn. Ebenezer Obey fi orúkọ rẹ̀ kọrin, orúkọ náà kò sì parun. Ṣùgbọ́n ẹni tó rántí kẹ̀kẹ́ yẹn kò pọ̀.

Ìró náà ti dé iwájú mi. Ọmọkùnrin yẹn sọ̀ kalẹ̀ níbi ìyá oníbọ̀ọ̀lì tí mo jókòó tì. Ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀, kò fẹ́ nà. Ìyá ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ gidi. Bí ọmọ náà ti gbọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ọjà o."

"Háà! Ọmọ wa ni! Ibo lo ti ń bọ̀ tí eruku bò ọ́ báyìí?"

"Cape Coast ni, mà. Ìdájí ni mo kúrò níbẹ̀."

"Lórí èyí? Mọ́tò ò sí ni?"

"Ó wà, mà."

"Wọ́n rán ọ níṣẹ́ ni?"

"Wọn ò rán mi, mà. Mo fẹ́ mọ ọ̀nà ni. Tí mo bá wọ ọkọ̀, oorun ni mo máa ń sùn títí di Kasoa."

Ó wá ń ka àwọn ìlú náà fún un: Biriwa, níbi tí òkun ti yọ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, Anomabo, tí ilé olódi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì dúró sí láàárín ìlú, Saltpond, Mankessim, tí táyà rẹ̀ ti jò, tí fọ́gánáísà sì kọ̀ láti gba owó àfi tó bá kọ́kọ́ sọ ìlú bàbá rẹ̀. Lórí òkè kan kó tó dé Winneba Junction, àwọn ọmọ iléèwé bá a ti kẹ̀kẹ́ láti ẹ̀yìn. Ìyá ń yí bọ̀ọ̀lì padà lórí ààrò, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, ó ti pẹ́dà sẹ́yìn. Tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́.

"Ti bàbá mi náà máa ń dún báyìí. Tá a bá ti gbọ́ ọ lókèèrè, a ti gbé omi kaná nìyẹn."

"Bàbá yín náà máa ń gun kẹ̀kẹ́, mà?"

"Tamale ni wọ́n bí mi sí. Ọjọ́ mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń ná ọjà lọ́hùn-ún. Òní Savelugu, ọ̀la ibòmíràn. Aṣọ, òwú, abẹ́rẹ́, dígí, gbogbo rẹ̀ á wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n lábúlé gbogbo. Wọ́n á ti bá a fi omi pa mọ́."

"Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún dà, mà?"

"Wọ́n tà á. Owó ẹ̀ la fi wọ lọ́rì."

Yorùbá tó bá gbé Ghana pẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Ghana lábẹ́ Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Ìtàn lọ́rì yẹn la máa ń sọ, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo gbà pé a ṣe àìdáa sí àwọn bàbá wa bó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lé wọn nìkan la mọ̀, tí a kò mọ ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹnì kan ṣoṣo fi ń gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé dé abúlé, tí àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ sì ń bá a tọ́jú omi.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọmọkùnrin náà jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà tán, ó sanwó. Ìyá ka owó náà, ó fún un ní ṣéńjì rẹ̀ pé.

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Sogakope, mà, b'Ọ́lọ́run bá fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, Aflao, kí n wá kọjá sí Lomé."

"Ọ̀nà wo lo fẹ́ gbà jáde ní Accra?"

"Motorway, mà. Òun ló yá."

"Má gbà á. Etí òkun ni kó o gbà: La, Teshie, Nungua, títí wọ Tema. Ibẹ̀ lèèyàn wà. Tó o bá ṣubú, wọ́n á rí ẹ."

"Ó máa jìnnà sí i, mà."

"Á jìnnà. Ibẹ̀ ni kó o gbà."